Sọ́sééjì Tí Mo Gé Wẹ́wẹ́

Ọwọ́ ọkọ mi yá ju ẹnu rẹ̀ lọ. Kó o tó gbọ́ ohun tó ń bí i nínú, ó ti fọ́ ọ létí. Lílù tó lù mí ló ba oyún mi àkọ́kọ́ jẹ́, mo sọ ọ́ báyìí kí n má baà máa yí i po. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá láti Ifọ̀ nígbà yẹn, ó ní kí n fara dà á, pé gbogbo ọkùnrin ló máa ń bínú. Mo fara dà á. Oyún kejì ti yọ níwájú mi nígbà tí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀, àdúrà kan ṣoṣo ni mo sì ń gbà: kí ọwọ́ ọkùnrin yẹn má kan ọmọ inú mi.

Yàrá kan la háyà ní Mowe, nínú ilé tí àwọn yàrá rẹ̀ dojú kọ ara wọn. Awakọ̀ tìpà ni ọkọ mi, yanrìn ló ń kó láti Ibafo lọ sí Èkó. Èmi ń ránṣọ. Kí n tó délé ọkọ, mo ti ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ fún ìyàwó Kòráà kan, àwọn ará Lẹ́bánónì yẹn, ní Àpápá, ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ọbẹ̀ tòmátò oní-sọ́sééjì tí wọ́n ń dà sórí makaróní. Mo máa ń fi yangàn nínú ilé. Ẹnu mi ló kó bá mi.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, ọkọ mi gbé agolo sọ́sééjì bọ̀ láti Èkó. Nǹkan òyìnbó ti wọ́n gógó nígbà yẹn, ẹni tó bá rà á kì í dákẹ́ sí i. Ó ṣí agolo náà lójú gbogbo ayálégbé, ó fa ọ̀kan yọ, ó ní, “Ẹ wá wo ohun tí ìyàwó mi fẹ́ sè fún mi o!” Inú mi dùn. Mo rò pé ọjọ́ náà á dára.

Mo lọ ata rodo àti tàtàṣé lórí ọlọ, torí ẹ̀rọ máa ń sọ ọ́ di omi. Mo ki tòmátò bọ omi gbígbóná, mo bó èèpo rẹ̀, mo fọwọ́ fọ́ ọ. Mo gé sọ́sééjì wẹ́wẹ́, mo dín in títí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fi pọ́n, mo kó o jáde, mo sì da àlùbọ́sà sínú òróró tó kù. Nígbà tí ata wọ inú òróró yẹn, gbogbo ilé bẹ̀rẹ̀ sí í sín. Ìyá onílé wa, opó kan tí wọ́n bí sí Mowe gan-an, ń já ẹ̀fọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó ní, “Ìyàwó, ṣé o fẹ́ pa wá ni?” Mo rẹ́rìn-ín. Mo jẹ́ kí omi tòmátò gbẹ títí òróró fi yọ sókè, kí n tó da sọ́sééjì padà sí i. Mi ò ní ṣe ojú ayé: ọbẹ̀ náà dùn gan-an ni.

Mo gbé e síwájú ọkọ mi. Ó fi ṣíbí wá inú abọ́ lọ, ó wá a bọ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹran baálé kì í fara pamọ́. Odindi ni, orí oúnjẹ ló ń jókòó sí, tójú gbogbo ayé á ti rí i. Èyí kò sí lọ́kàn mi rárá. Bí ìyàwó Kòráà ṣe ń gé e ni mo ṣe gé e.

“Sọ́sééjì mi dà?”

“Òun nìyẹn. Mo gé e wẹ́wẹ́ ni. Bí wọ́n ṣe ń sè é nìyẹn, ẹ tọ́ ọ wò ná.”

“Èyí tó gùn gbọọrọ tí gbogbo ilé rí? Ìwọ àti ta lẹ jọ jẹ ẹ́? Àbí o think pé òmùgọ̀ ni mí?”

Ó dìde, ó tilẹ̀kùn, ó yí kọ́kọ́rọ́. Mo ti mọ̀ pé ó di bóò lọ o yà fún mi, kò sì síbi tí mo lè yà sí. Abọ́ ló kọ́kọ́ sọ lù mí, ọbẹ̀ gbígbóná bó mi lọ́rùn. Ìgbájú tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà bẹ́líìtì. Mo ṣubú, mo ká ara mi mọ́ ikùn, mo kẹ̀yìn sí i. Ẹ̀yìn ni mo fún un pé kó máa lù. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ tì mí kó lè yí mi padà.

“Ẹ gbà mí o! Ó fẹ́ pa ọmọ mi o!”

Àwọn ará ilé gbá ilẹ̀kùn títí, ọkọ mi kò ṣí i. Ó ní ìyàwó òun lòun ń bá wí. Ni mo bá gbọ́ ohùn ìyá onílé: “Ìyàwó, dojú bolẹ̀, fi ìró bo imú!” Ó ti kó ẹyin iná sínú àpáàdì, ó da ata gbígbẹ lé e, ó ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ èéfín rẹ̀ gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé. Èmi wà nílẹ̀, mo fi ìró dí imú. Ọkọ mi ló dúró, òun ló ń mí hẹlẹ. Ó wúkọ́ títí ó fi ń bì, ó ń táràrà wá kọ́kọ́rọ́, ó sì já síta.

Àwọn obìnrin ilé ti ń dúró dè é. Ọmọrogùn wà níbẹ̀, igi ìdáná wà níbẹ̀, ọmọ odó pàápàá wà níbẹ̀. Wọn ò jẹ́ kó nujú. Eyín rẹ̀ kan bọ́ sórí sìmẹ́ńtì, mo rí i, mi ò káàánú. Àṣà ilé náà ni pé tó bá ti dé ibi báyìí, ìyàwó tí ọkọ rẹ̀ lù nìkan ló lè ní kí wọ́n dáwọ́ dúró.

Ìyá onílé yíjú sí mi. “Ìyàwó, ṣé ó ti tó?”

Ọkọ mi gbójú sókè lórí ìkúnlẹ̀. “Jọ̀ọ́, bá mi bẹ̀ wọ́n.”

Mo gbé ọwọ́ méjèèjì lé ikùn mi. Ọmọ náà kò mira.

Mo ní, “Kò tíì tó.”

Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Ó ń ké bí ẹran. Ìyá onílé tún bi mí, mo tún ní kò tíì tó, mo sì ń tẹ ikùn mi, mò ń tẹ̀ ẹ́, mò ń bẹ ọmọ náà. Ó wá tàpá nínú mi, ó le débi pé mo di ògiri mú.

“Ó ti tó, Ìyá,” ni mo wí.