Àwo Orin Kánádà Tó Há Sínú Ọkọ̀ Wa

Ọkọ mi ra ọkọ̀ ní Modena lọ́wọ́ bàbá òyìnbó kan tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́. Ọkọ̀ náà dára, ẹ má rò pé mo fẹ́ ṣàríwísí. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń dún jẹ́jẹ́, ìjókòó rẹ̀ mọ́, kò sì rùn. Àléébù kan ṣoṣo tó ní ni pé àwo orin kan há sínú rédíò rẹ̀, kò sì sí ọwọ́ ọmọ aráyé tó lè yọ ọ́. Bí ẹ bá ti ṣáná sí ọkọ̀, orin á bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá pa ọkọ̀, orin á dúró dè yín títí ẹ ó fi padà dé. Ohùn rẹ̀ nìkan la lè gbé sókè tàbí kí á rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Mẹkáníìkì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa ní Padua wò ó, ó mi orí, ó ní àfi kí òun tú gbogbo iwájú ọkọ̀ palẹ̀. Ọkọ mi ní kó fi í sílẹ̀, pé orin kì í pa ènìyàn. Kò tíì gbọ́ orin kẹta nígbà tó sọ bẹ́ẹ̀.

Ọmọbìnrin wa ló rí páálí àwo náà níbi tí wọ́n ń kó ìwé sí níwájú ọkọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni, Padua níbí la bí i sí, kò sì sí ohun tí wọ́n kọ nǹkan sí lára tó máa rí tí kò ní kà. Ó kà á síta fún wa: orin àwọn ará Kánádà ni gbogbo rẹ̀, tí wọ́n kó jọ láti inú eré kan tí wọ́n máa ń ṣe lórí tẹlifíṣọ̀n ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ nígbà kan, eré nípa dókítà obìnrin kan ní ìlú kékeré tí yìnyín bò. Igi àti yìnyín ni wọ́n yà sára páálí náà. Kò sí ènìyàn kankan níbẹ̀. Ìyẹn nìkan tó láti kọ́ wa lọ́gbọ́n.

N kò mọ ẹni tó kó àwọn orin náà jọ, ṣùgbọ́n ó dájú pé ohun tó bá ti bọ́ sí i lọ́wọ́ ló ń mú. Ọkùnrin kan ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó ń ta gìtá, ó sì ń sunkún bí ẹni tí wọ́n gba ilé lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn kan tẹ̀ lé e tí wọ́n ń fi gòjé òyìnbó sáré, tí ẹsẹ̀ wọn ń dún gbàmù gbàmù lórí pákó. Orin kẹta ni ti àwọn ọ̀dọ́ kan tí wọ́n ń pariwo, tí ìlù wọn ń gbá ènìyàn láyà. Bí etí yín bá ti ń bọ̀ sípò, obìnrin kan á bẹ̀rẹ̀ sí í fi èdè Faransé sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ bí ẹni tó ń ṣòfófó. Ọ̀kan tún wà tí kò ní ọ̀rọ̀ nínú rárá, fèrè àti ìró afẹ́fẹ́ lásán ni, gbogbo ìgbà tí mo bá sì gbọ́ ọ ni ìtọ̀ máa ń gbọ̀n mí. Èmi tí mò ń wa ọkọ̀ lọ sí casa di riposo láàárọ̀ láti lọ wẹ àwọn arúgbó, ohun tí mo fi ń bẹ̀rẹ̀ ọjọ́ mi nìyẹn. Kí Ọlọ́run má ṣe fi irú ìbùkún bẹ́ẹ̀ du ẹnikẹ́ni.

Ọkọ mi ní tiẹ̀ kò gbọ́ gìtá, kò sì gbọ́ gòjé. Kánádà nìkan ló gbọ́.

"Mummy, rò ó wò," ó ní. "Nínú gbogbo ọkọ̀ tó wà ní Italy yìí, èyí tí Kánádà há sínú rẹ̀ ni Ọlọ́run mú wa rà. Is it ordinary?"

Mo ní, "Dádì, bó bá jẹ́ pé orin àwọn ará Ṣáínà ló há síbẹ̀ ńkọ́?"

"Ìdí nìyẹn tí kò fi jẹ́ Ṣáínà," ni ọkọ mi fèsì, ó sì wò mí bí ẹni tí àánú mi ń ṣe.

Ṣọ́ọ̀ṣì wa wà ní zona industriale, àdúgbò àwọn ilé iṣẹ́, nínú gbọ̀ngàn onípáànù ńlá kan tí wọ́n ti ń kó táìlì sí tẹ́lẹ̀. Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, pásítọ̀ wa na ọwọ́ sí ìjọ, wọ́n ní ẹnì kan wà níbẹ̀ tí Ọlọ́run fẹ́ gbé lọ sí ibi tó funfun láti òkè dé ilẹ̀. Mo ti ṣiṣẹ́ rí ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń di ìyẹ̀fun sínú àpò ní Modena. Ibẹ̀ náà funfun láti òkè dé ilẹ̀. Àwọn òkè tí òyìnbó ti ń yọ̀ lórí yìnyín kò sì jìnnà sí Padua. Ṣùgbọ́n kí n tó ronú kan ibi kankan, ọkọ mi ti wà níwájú, ó ti gba máíkì. Nínú ìjọ tiwa, a máa ń jẹ́rìí sí ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀, kí Ọlọ́run má baà gbàgbé. Ó jẹ́rìí pé kí ẹ̀ẹ̀rùn tó parí, òun àti ìdílé òun ti dé Kánádà. Ó sọ ti àwo orin. Gbogbo ìjọ dìde, wọ́n fò sókè.

Kí ìsìn tó parí, a ti di ẹni tó ń lọ. Lójú àwọn ènìyàn wa, ẹni tó ń lọ kò ní ẹrù mọ́. Arábìnrin kan dì mọ́ mi, omijé wà lójú rẹ̀, ó sọ sí mi létí pé, "Mummy, fíríìsà yín yẹn, ẹ má fún ẹlòmíràn o." Díákónì obìnrin kan ní kí n bá òun fi odó mi pamọ́. Tọkọtaya kan wá kí wa nílé, ọkọ ń gbàdúrà, ìyàwó sì ń fi ọwọ́ wọn àga onítìmùtìmù wa bóyá ó máa gba ẹnu ọ̀nà wọn. Wọ́n ń gbàdúrà fún wa, wọ́n sì ń pín wa.

Mo lè fara da ti fíríìsà. Ọ̀rọ̀ ọmọ yìí ni kò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀. Ọmọ àjèjì ni Italy ṣì ń pè é. Ṣùgbọ́n òfin wọn ni pé ọmọ àjèjì tí wọ́n bí síbí, tó sì gbé ibẹ̀ láìkúrò títí ó fi pé ọmọ ọdún méjìdínlógún, lè lọ sí comune, ọ́fíìsì ìjọba ìlú, kó sọ pé òun fẹ́ di ọmọ Italy, wọ́n á sì gbà á. Oṣù kọkànlá ló máa pé. Oṣù kẹjọ ni ọkọ mi fẹ́ kí a lọ. Bí a bá lọ, gbogbo ọdún tí ọmọ náà ti fi dúró á wọmi nítorí oṣù mẹ́ta. Mo sọ èyí fún ọkọ mi, ó ní Kánádà á fún un ní èyí tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ, bí ẹni pé wọ́n kó páàsìpọ́ọ̀tù kọ́ sí pápákọ̀ òfurufú wọn kí àlejò máa mú èyí tó bá wù ú. Bí ọmọ náà bá sì ti sọ fún un nínú ọkọ̀ pé, "Papà, a novembre," pé ó di oṣù kọkànlá, ọkọ mi á gbé ohùn orin sókè.

Ní Sátidé kan nínú oṣù kẹfà, ó ní kí á múra, pé a ń lọ rí ọkùnrin kan ní Turin tó mọ ọ̀nà Kánádà bí ẹni mọ ọ̀nà ilé ìyá rẹ̀. Bí a bá ti rí i, ọkọ mi máa kọ̀wé fi iṣẹ́ tó ń ṣe ní magazzino, ilé ìkẹ́rùsí, sílẹ̀ ní ọjọ́ Ajé. Iṣẹ́ tó ti ń ṣe kí a tó bí ọmọ yìí ni, láti ìgbà tó ti ń gbé Via Anelli, àdúgbò tí àwọn àjèjì pọ̀ sí ní Padua. A kọjá Verona, a kọjá Brescia, ọkùnrin onígìtá ń sunkún. A kọjá Milan, àwọn ọ̀dọ́ ń gbá wa láyà. Nígbà tí a dé ẹ̀gbẹ́ Novara níbi tí wọ́n ti ń gbin ìrẹsì, ọkọ mi ń fi ìka lu ìdarí ọkọ̀ tẹ̀ lé gòjé, inú rẹ̀ dùn bí ti ọmọdé.

Ọmọ wa na ọwọ́ láti ẹ̀yìn, ó rẹ orin náà sílẹ̀.

"Papà, ma le hai mai ascoltate?" Ó ń bi bàbá rẹ̀ bóyá ó ti fetí sí àwọn orin náà rí.

"Every day," ni ọkọ mi wí.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ wọn fún un ní èdè Italy, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń kọ́ ọmọdé. Ọkùnrin onígìtá yẹn, apẹja ni. Gbogbo ọ̀dọ́ ìlú rẹ̀ ló ti lọ, òun nìkan ló kù tó máa ti ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn onígòjé, ìyàwó kan ni wọ́n ń sìn lọ sí ọ̀nà jíjìn, wọ́n sì mọ̀ pé àwọn ò ní rí i mọ́. Àwọn aláriwo, ìlú wọn ti sú wọn, ọkọ̀ ojú irin ni wọ́n ń wá. Obìnrin onífaransé, ìyá rẹ̀ ló ń pè é lórí fóònù, kò sì mọ ohun tó máa sọ fún un.

"Qui non arriva nessuno, papà. Se ne vanno tutti." Kò sí ẹni tó ń dé nínú gbogbo wọn. Gbogbo wọn ló ń lọ.

Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Orin ọ̀fọ̀ àwọn ẹni ẹlẹ́ni la ti ń jó sí láti ìgbà tí a ti ra ọkọ̀ náà, tí gbogbo ìjọ sì ń ṣàmín sí i.

"Ìtumọ̀ èṣù nìyẹn," ni ọkọ mi sọ. Inú ti ń bí i. "Nígbà tí mo kó yín wá síbí, ta ló bi mí bóyá ó rọrùn? We came, we suffered, we no die. A máa tún un ṣe."

Ọmọ náà kò pariwo. Ó ní, "Io non sono venuta, papà. Siete venuti voi." Òun ò wá síbí o, àwa la wá.

Nígbà tí a dé Turin, ọkọ mi wakọ̀ lọ sí etí odò Po, ó ra gelato fún wa, ó sì ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé ọkùnrin náà kò sí nílé. Kò pè é lórí fóònù. A yí padà sí Padua. Ọjọ́ Ajé dé, kò kọ̀wé kankan.

Ní ọjọ́ Ìsinmi, nígbà tí wọ́n pe àwọn tó ní ẹ̀rí, ó dìde. Wọ́n ti ń pàtẹ́wọ́ kí ó tó dé iwájú, nítorí wọ́n rò pé físà ti jáde.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pàtẹ́wọ́," ó ní. "Ọlọ́run ò bá mi sọ̀rọ̀ Kánádà. Ó rẹ̀ mí ni. Níbi iṣẹ́ mi, ọmọ tí mo lè bí ló ń fi súfèé pè mí. Ó mọ orúkọ mi, súfèé ló fi ń pè mí. Mo rò pé bí mo bá dé ibòmíràn, màá tún di ènìyàn. Ṣùgbọ́n ọmọ mi ti di ènìyàn níbí ní tiẹ̀. Mi ò ní mú un kúrò."

Pásítọ̀ na ọwọ́ sí máíkì, wọ́n tún fa ọwọ́ padà. Orin ló máa ń tẹ̀ lé gbogbo ẹ̀rí ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ṣùgbọ́n ẹni tó ń tẹ dùùrù gbé ọwọ́ lé e, ó wo ojú pásítọ̀, ó sì gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò. Wọn ò ní orin fún ẹni tó wá dá ẹ̀rí padà. Gbogbo ọdún tí mo ti ń bá ọkùnrin yìí sùn lórí ibùsùn kan náà, kò sọ ọ̀rọ̀ súfèé fún mi rí. Ó rìn gba àárín ìjọ padà, ó wá jókòó tì mí. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú.