Ongchu Ẹ-Jẹ́-Ká-Padà àti Pòtétò Rẹ̀

Ìtàn pòtétò ni gbogbo ènìyàn mọ̀ mọ Ongchu, nítorí náà òun ló yẹ ká kọ́kọ́ sọ, ká sì sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an. Àwọn kan ní pòtétò méjì ni. Ẹyọ kan ni. Nawang alásè tó sè é ṣì wà láàyè ní abúlé Yulung níbí, kò sì tíì gbàgbé.

Lọ́dún kan, Ongchu, amọ̀nà òkè, ń mú ọkùnrin ará Norway kan gun òkè Karpo Ri. Halvorsen ni orúkọ rẹ̀. Ó ga bí òpó, irùngbọ̀n rẹ̀ pupa, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Láti ọjọ́ tó ti dé ló ti ń sọ fún tàgbà tèwe pé inú yìnyín ni wọ́n bí òun sí.

Ongchu á gbọ́, á mi orí. "Yìnyín kọ́ ni wàhálà, ọ̀gá. Afẹ́fẹ́ ni ò tó lókè yẹn. Ṣé ibi tí afẹ́fẹ́ ò tó náà ni wọ́n bí yín sí?"

Nígbà tí wọ́n dé àgọ́ kejì, lọ́sàn-án gangan, Halvorsen ní orí ń fọ́ òun díẹ̀, kò ju díẹ̀ lọ, àgọ́ kẹta sì ni òun ń lọ ní àárọ̀ ọ̀la. Ongchu ní kí wọ́n padà sísàlẹ̀. Halvorsen fárígá. Ongchu kò bá a fa ọ̀rọ̀. Ó mú pòtétò gbígbóná kan nínú ìkòkò Nawang, ó fi lé e lọ́wọ́, ó bu iyọ̀ àti ata gígún sí ìdérí kan, ó gbé e síwájú rẹ̀.

"Ẹ bó o, kí ẹ jẹ ẹ́. Bí ẹ bá jẹ ẹ́ bí ọmọ ènìyàn ti ń jẹ ẹ́, a ó gòkè lọ́la."

"Pòtétò lásán yìí?"

"Pòtétò lásán náà ni, ọ̀gá mi."

Halvorsen jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bó o. Ó pẹ́ lórí ẹ̀. Nígbà tó bó o tán, ó kó èèpo náà jọ, ó fi tọ́ iyọ̀ àti ata, ó jẹ ẹ́ láìṣẹ́kù, ó sì sọ pòtétò nù sínú yìnyín. Ó nu ẹnu. Ó wò wọ́n bí ẹni tó jàre ẹjọ́. "Ṣé ẹ rí i báyìí?"

Nawang rẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó lé orí ìkòkò. Ongchu nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ti ń de okùn mọ́ ọkùnrin náà ní ìbàdí. "A rí i, ọ̀gá. A ti rí i dáadáa. Ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká padà."

Kí wọ́n tó débùdó ìsàlẹ̀, Halvorsen ti ń pe Ongchu ní ìyá rẹ̀, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má na òun. Ọjọ́ kẹrin ni ojú rẹ̀ tó wálẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ béèrè ni pé ta ló jẹ pòtétò òun.

A máa ń rẹ́rìn-ín bí a bá dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí Ongchu ti rí ọgbọ́n pòtétò yẹn kì í ṣe ibi ẹ̀rín.

Ó ní àbúrò kan, Gelu, ọmọ ọdún méjìlélógún. Àwọn méjèèjì jọ ń gbẹ́rù fún ẹgbẹ́ kan lórí Karpo Ri yìí kan náà, olórí ẹgbẹ́ náà sì jẹ́ ẹni tí ìkánjú ń bá jà. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ó rẹ òun, ó ní, "Wákàtí kan sí i." Bí wákàtí náà bá pé, ó tún ní wákàtí kan sí i. Nígbà tí wọ́n jókòó jẹun ọ̀sán, Gelu kò lè bó pòtétò ọwọ́ rẹ̀. Ó ń yọ̀ bọ́. Ongchu fi í ṣe yẹ̀yẹ́: "Ọwọ́ rẹ ti di ọwọ́ ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé." Ó gbà á, ó bó o fún un. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, Gelu ti kú, àìsàn òkè tí ọwọ́ rẹ̀ ti sọ tẹ́lẹ̀ ló pa á, omi ti kún ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀.

Nígbà tí Ongchu dé ilé, ìyá wọn gbọ́ ìtàn náà tán, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sì béèrè. "Ìwọ lo bó o fún un?"

Ongchu dọ̀bálẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó ní, "Ìyá mi, ẹnikẹ́ni tó bá tẹ̀lé mi lọ láti òní, á tẹ̀lé mi bọ̀."

Nǹkan tó fi ìyókù ayé rẹ̀ ṣọ́ nìyẹn. Kò ṣọ́ nǹkan mìíràn.

Láti ìgbà náà ló ti di ẹni tí í yọ àwọn àlejò lẹ́nu. Bí ẹ bá tẹ̀lé Ongchu, ẹ ó gòkè dé àgọ́ kìíní, ẹ ó fọwọ́ kan òkúta, ẹ ó sì sọ̀kalẹ̀ wá sùn. Lọ́jọ́ kejì ẹ ó tún gùn ún, ẹ ó tún sọ̀kalẹ̀. Àwọn àlejò á bínú pé ibi tí àwọn ti gùn lánàá ni àwọn tún ń gùn lónìí. Ongchu á ní:

"Òkè ló nilé, àlejò ni wá. Nínú ilé wa, bí wọ́n bá bu tíì fún ọ, ṣé o kàn máa ń gbà á ni? O ó kọ́kọ́ kọ̀. Onílé á rọ̀ ọ́, o ó tún kọ̀. Ìgbà tó bá rọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta lo tó gbà á. Ẹni tó bá gbà á lẹ́ẹ̀kan náà, alájẹkì ni, onílé á sì fojú alájẹkì wò ó."

Olùkọ́ obìnrin kan láti Japan fetí sílẹ̀ dáadáa, ó sì bi í pé, "Bí a bá kọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, tí onílé ò wá bù fún wa mọ́ ńkọ́?"

"Ẹ ó mu omi nílé yín, màmá. Òkú kì í mu tíì."

Ìgbà mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Ongchu kó àlejò lọ sí Karpo Ri. Ìgbà mẹ́sàn-án péré ló dé ṣóńṣó. Àwọn amọ̀nà yòókù sọ ọ́ ní Ẹ-Jẹ́-Ká-Padà, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára tó bẹ́ẹ̀ tí lámà, àlùfáà abúlé, fi pè é bẹ́ẹ̀ nínú àdúrà lọ́jọ́ kan. Lára ògiri ilé àwọn amọ̀nà mìíràn, àwòrán ọkọ lórí ṣóńṣó òkè ni ìyàwó máa ń gbé kọ́. Èyí tí Dafuti, ìyàwó Ongchu, gbé kọ́ ni èyí tí Ongchu ti ń na ìka sí ìsàlẹ̀.

Àwọn obìnrin á máa tọ́ ọ. "Ìyá Yangjin, ọkọ tiyín ò tún débẹ̀ lọ́dún yìí?"

"Ó dé ilé," ni Dafuti máa ń dá wọn lóhùn. "Ibi tí mo rán an nìyẹn."

Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ tó ń gbà á síṣẹ́, Ọ̀gbẹ́ni Tuladhar ní Kathmandu, kò ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀. Àwọn àlejò ń kọ̀wé sí i pé àwọn wá gun òkè, Ongchu sì ń fi ìsàlẹ̀ han àwọn. Lọ́jọ́ kan ó wọ hẹlikópítà, ó ní òun fúnra òun ni òun máa lọ lé e lẹ́nu iṣẹ́. Ó sọ̀ sílẹ̀ ní Yulung pẹ̀lú bàtà dídán, ó kó ìwé sábẹ́ abíyá, hẹlikópítà sì gbéra lọ, awakọ̀ rẹ̀ ní òun á padà wá gbé e lọ́la. Ẹni tó jí ní Kathmandu nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, tó dé Yulung kí oúnjẹ àárọ̀ tó dà nínú rẹ̀! Ọmọ kékeré ibí mọ bí ìyẹn ṣe máa ń parí.

Kó tó di ọ̀sán, Tuladhar ti bì sára bàtà náà. Ongchu gbé pòtétò fún un. Tuladhar wo pòtétò náà, ó kí i pé, "Ẹ ǹlẹ́ o."

Kíá ni Ongchu gbé apẹ̀rẹ̀ tí a fi ń ru ẹrù, ó jókòó ọ̀gá sínú rẹ̀, ó gbé okùn rẹ̀ ka iwájú orí, ó dorí kọ ìsàlẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé afárá òkè, Tuladhar rántí ohun tó bá wá.

"Ongchu," ó ní láti inú apẹ̀rẹ̀, "mo lé ọ lẹ́nu iṣẹ́."

"Ẹ ṣeun, ọ̀gá. Ẹ fẹsẹ̀ yín mọ́ra, afárá ń mì."

"Láti òní lọ."

"Mo ti gbọ́, ọ̀gá. Ẹ má bì sí mi lọ́rùn."

Nígbà tí wọ́n dé afárá ìsàlẹ̀, afẹ́fẹ́ ti pọ̀ sí i, ojú Tuladhar ti là. Ó wo ibi tí wọ́n ti wá, ó wo ọrùn ẹni tó rù ú. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ongchu, padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ."

Wákàtí kan àtààbọ̀ ló wà láàárín afárá méjèèjì. Ongchu máa ń sọ pé ìsinmi kan ṣoṣo tí òun gbà lẹ́nu iṣẹ́ náà nìyẹn, ọ̀gá náà ni òun sì fi ìsinmi ọ̀hún rù.

Ó fẹ̀yìn tì ní ẹni ọdún márùndínláàádọ́rin. Ẹnikẹ́ni kò kú lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn Gelu. Ó gbin pòtétò, ó ń bá màlúù onírun rẹ̀ jà, ó ń dá àwọn amọ̀nà kéékèèké dúró lójú ọ̀nà láti wo ètè àwọn àlejò wọn bóyá ó ti ń dú bí aró.

Ọdún mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà, ètè tirẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í dú bí aró. Dókítà tó wà nílé ìwòsàn kékeré ìsàlẹ̀ abúlé gbọ́ àyà rẹ̀, ó ní ẹ̀dọ̀fóró ti gbó, afẹ́fẹ́ òkè yìí ò tó o mọ́, kó lọ máa gbé ní Kathmandu lọ́dọ̀ Yangjin, ọmọ rẹ̀ obìnrin.

"Èmi?" ni Ongchu wí. "Èmi tí wọ́n bí síbí? Àlejò ni òkè í pa."

Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi bẹ̀ ẹ́. Lámà bẹ̀ ẹ́. Yangjin sunkún lórí fóònù. Ó ní orí ń fọ́ òun díẹ̀ ni, kò ju díẹ̀ lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Dafuti se pòtétò, ó mú ẹyọ kan, ó fi lé ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó bu iyọ̀ àti ata sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó jókòó tì í.

Ongchu wo pòtétò. Ó wo Dafuti. "O ò lójútì."

"Ẹ bó o, Bàbá Yangjin."

Ó bẹ̀rẹ̀. Pòtétò yọ̀ bọ́ sílẹ̀. Dafuti mú un fún un. Ó tún yọ̀ bọ́. Ó mú un fún un lẹ́ẹ̀kejì, kò sì bó o fún un.

"Èèyàn mélòó ló kú lọ́wọ́ yín lẹ́yìn Gelu?"

"Kò sí."

"Ẹni tí ẹ wá ń mú kiri òkè yìí báyìí ńkọ́? Arúgbó tí kò lè bó pòtétò yìí. Ta ni amọ̀nà rẹ̀?"

Iná ń ta pàrà nínú ààrò. Nígbà tó pẹ́, Ongchu ní, "Èmi ni."

"Ẹ fẹ́ kó kú lọ́wọ́ yín?"

Ó gbé pòtétò náà sílẹ̀ jẹ́jẹ́. "Ìyá Yangjin, di ẹrù. Ẹ jẹ́ ká padà."

Wọ́n gbé apẹ̀rẹ̀ wá láti fi rù ú, ó kọ̀. Wọ́n rọ̀ ọ́, ó tún kọ̀. Nígbà tí wọ́n rọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, ó wọ inú rẹ̀, ó sì ń pàṣẹ fún àwọn tó rù ú títí dé pápákọ̀ òfúrufú pé ẹ rọra, ẹ rọra, kí lẹ ń lé?

Ọdún méjì ló lò ní Kathmandu, tó ń ráhùn pé afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ki jù, pé ó dà bí kéèyàn máa mí ọbẹ̀ simú. Ọjọ́ ogbó ló pa á, lórí ibùsùn ọmọ rẹ̀, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Òkè kò rí i pa. Ohun tó bá ìyá rẹ̀ sọ kò yẹ̀, títí kan orí òun fúnra rẹ̀.

Lọ́jọ́ kọkàndínláàádọ́ta lẹ́yìn ikú rẹ̀, tí a ń ṣe ìsìn òkú rẹ̀ ní Yulung, àgbàlagbà kan yọ lójú ọ̀nà. Ó ga bí òpó, irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun. Ọjọ́ mọ́kànlá ló fi rin ìrìn tí àwọn yòókù fi ọjọ́ mẹ́fà rìn, nítorí pé ní gbogbo abúlé tó bá dé ló ń sọ̀kalẹ̀ padà kó tó sùn, bí Ongchu ti ń ṣe. Nawang ló kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Ó pariwo pé, "Halvorsen! Ẹni tó jẹ èèpo!"

Dafuti bu tíì fún un. Ó kọ̀. Dafuti rọ̀ ọ́, ó tún kọ̀. Gbogbo ilé ń wò ó.

Wọ́n ti ní kí wọ́n gbé tíì sí iwájú àwòrán Ongchu, Dafuti ní rárá, Ongchu fúnra rẹ̀ ló ní òkú kì í mu tíì. Bó ṣe jẹ́ pé iwájú àwòrán náà ṣófo nìyẹn. Halvorsen na ọwọ́ sí ìkòkò Nawang, ó mú pòtétò gbígbóná kan, ó jókòó. Ó rọra bó o, èèpo rẹ̀ bọ́ ní ẹyọ kan gígùn láìjá. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé pòtétò náà síwájú Ongchu.

Lẹ́yìn náà ó kó èèpo, ó fi tọ́ iyọ̀ àti ata, ó sì jẹ ẹ́ tán.

Nawang rẹ́rìn-ín, gbogbo wa bá a rẹ́rìn-ín, a rẹ́rìn-ín títí a ò fi mọ ìgbà tí ojú wa ti ń ṣomi. Dafuti nu ojú tirẹ̀ pẹ̀lú etí aṣọ rẹ̀, ó gbé ife tíì náà, ó na án sí ará Norway náà lẹ́ẹ̀kẹta.

Ó gbà á.