Afárá Orí Tábìlì

Bí mo bá gbóòórùn èèpo ọsàn tútù, pálọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní àdúgbò Adébáyọ̀ ni ọkàn mi máa ń lọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi, bí a bá ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé tí a sì jẹun tán, a ó bó ọsàn lórí tábìlì, Bọ̀ọ̀dá kò sì ní jẹ́ kí a da èèpo rẹ̀ nù. Òun ni àkọ́bí ilé náà. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kàwé dé láti òkè òkun ni, ó ń ṣiṣẹ́ olùkọ́. Eré kan ló mú bọ̀, eré tí wọ́n ń fi ẹnu ṣe. Òun a sọ ibi tí a wà àti ọ̀tá tó dojú kọ wá, àwa a sọ ohun tí a fẹ́ ṣe, dáìsì lúdò tí a bá jù a wá sọ bóyá ó bọ́ sí i. Èèpo ọsàn ló fi ń ṣe òkè, ó ń fi ṣọ́ọ̀kì fa odò, ìdérí ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò sì ni àwa jagunjagun.

Àwa méjì là ń bá a ṣe é, èmi àti ìbátan mi tó fi ọdún kan jù mí lọ, tí mo ń pè ní Àǹtí. Ọmọ àwọn àbúrò Bàbá, ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó ni ilé, ni àwa méjèèjì, òun ló sì gbà wá tọ́. A ti jáde ìwé mẹ́fà nígbà náà. Bàbá ti sọ pé ẹnì kan ṣoṣo ni agbára òun ká láti rán lọ sí girama, ó ní kí Bọ̀ọ̀dá ọmọ òun wo ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ jí jù nínú wa. Bọ̀ọ̀dá kò fi bò fún wa. Ó ní, "Inú eré yìí ni mo ti ń wò yín."

Ohun kan náà ni mo máa ń sọ ní gbogbo ìjà: "Mo yọ idà, mo ṣá a." Ojú ń tì mí. Ìbàdàn ni wọ́n bí Àǹtí sí, bí mo bá sì ti lanu, a sín ohùn ìlú wa jẹ, a ní, "Ará Ìjan, kí ni wọ́n ń sọ lúlé yín?" Bọ̀ọ̀dá a mi orí. "Ṣíṣá, ṣíṣá ṣáá. Ṣé igi ò sí níbẹ̀ ni? Ṣé òkúta ò sí? Wo àyíká rẹ, kí o fi jà." Ẹni tó bá lo ibi tó wà dáadáa, Bọ̀ọ̀dá yóò jẹ́ kí ó ju dáìsì lẹ́ẹ̀mejì, kí ó mú èyí tó pọ̀ jù.

Lọ́jọ́ kan, ó ní bí ọ̀sẹ̀ bá yí po, a ó dé odò kan tó ní afárá okùn, àwọn olè yóò sì máa lé wa bọ̀. Ìdí ọlọ ata ni mo ti rò ó títí ó fi dá mi lójú. Bí a ti ń fọ abọ́, mo sọ ọ́ fún Àǹtí, nítorí mo fẹ́ gbọ́ bí yóò ṣe rí lẹ́nu mi kí Bọ̀ọ̀dá tó gbọ́ ọ. "Bí a bá ti sọdá tán, mo máa gé okùn náà, kí gbogbo olè bọ́ sódò."

Ó ní, "Ó dáa o." Ó ń ṣan abọ́ lọ.

Òfin eré náà ni pé dáìsì ló ń sọ ẹni tí yóò kọ́kọ́ ṣe tirẹ̀. Nílé wa, a kò bi dáìsì rí. Àgbà ló ń ṣíwájú, Bọ̀ọ̀dá tó ti Òyìnbó dé pàápàá kò rí nǹkan kan sí i.

Ẹyọ ìgbálẹ̀ kan ló fi ṣe afárá lọ́jọ́ náà. Ìdérí Àǹtí sọdá. Tèmi dé àárín, àwọn olè wà lẹ́yìn mi. Ó tún kan Àǹtí.

"Mo gé okùn," ló wí.

Bọ̀ọ̀dá wò ó. "Àbúrò rẹ wà lórí ẹ̀."

"Mo mọ̀. Tí mo bá dúró dè é, wọ́n á ti sọdá."

Bọ̀ọ̀dá rẹ́rìn-ín, ó pàtẹ́wọ́. "Ohun tí mo ti ń wí látọjọ́ yìí nìyẹn. Ọpọlọ nìyí." Dáìsì àkọ́kọ́ ti tó, Àǹtí kò tilẹ̀ ju ìkejì. Bọ̀ọ̀dá yọ ẹyọ ìgbálẹ̀ náà, ó fi ìka ti ìdérí mi sínú odò ṣọ́ọ̀kì. Ó wá yíjú sí mi. "Ìwọ ńkọ́? Kò sí nǹkan tí o fẹ́ sọ?"

Ó wà lẹ́nu mi. Ṣùgbọ́n ìwọ náà mọ orúkọ tí wọ́n ń pe ọmọ tó bá sọ lójú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé ẹ̀gbọ́n jí ọ̀rọ̀ òun sọ.

"Kò sí, sà."

"O tún ti dákẹ́," ló wí.

Èmi ni mo gbá èèpo ọsàn náà. Àǹtí wọ girama, wọ́n sì mú mi lọ kọ́ṣẹ́ aránṣọ lẹ́bàá Ọjà Ọba. Kò pẹ́ sígbà náà tí ìjọba sọ girama di ọ̀fẹ́. Ọ̀gá mi kò tíì fún mi ní fíríìdọ̀mù nígbà náà, n kò lè fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Àǹtí kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ọ̀dọ̀ mi ló ń rán aṣọ títí dòní. Kérésì tó kọjá, bí mo ti ń wọn ìbàdí rẹ̀, ó ní, "Ṣé o rántí eré Bọ̀ọ̀dá? Mo gbádùn ẹ̀ gan-an." Abẹ́rẹ́ wà lẹ́nu mi, mo ń wọn ìbàdí lọ.

Bọ̀ọ̀dá ní ká wo àyíká wa, ká fi jà. Mo wo igi, mo wo òkúta, mo wo okùn. Kò sọ sí mi lọ́kàn rí pé èmi náà wà ní àyíká ẹlòmíràn.