Kíréètì Búrẹ́dì Lórí Ẹyin Ahun

Ìró yanrìn lára páànù wà lára ohun tí Raodah kọ́kọ́ mọ̀ láyé. Ṣàà. Á dákẹ́ díẹ̀. Ṣàà. Yàrá onípáànù tí bàbá rẹ̀ kọ́ sí ẹ̀yìn Kuje, nítòsí Festac, kò jìnnà sí omi. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, kí wọ́n tó pe ìrun àsùbáà, nǹkan kan á máa da yanrìn lu ògiri láti ìta. Ọmọdé náà á fà mọ́ ìyá rẹ̀ lábẹ́ aṣọ, ìyá rẹ̀ á sì sọ fún un pé, "Sùn. Àlejò wa ló dé. Ó ń tẹ́ ẹní fún àwọn ọmọ rẹ̀ ni."

Ahun odò ni àlejò náà. Kì í ṣe ahun orí ilẹ̀ tí ẹ̀yìn rẹ̀ le bí òkúta. Ẹ̀yìn eléyìí rọ̀ bí awọ tí omi rin, imú rẹ̀ sì gùn tín-ín-rín, èyí tó máa ń yọ síta láti fi mí nígbà tí gbogbo ara rẹ̀ bá wà nínú omi. Á gòkè wá, á fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn gbẹ́ ilẹ̀, á yé ẹyin, á bò ó mọ́lẹ̀, á sì padà kí ilẹ̀ tó mọ́. Yanrìn tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń fọ́n ló ń ba páànù. Wọn kì í pa á nílé wọn. Kì í ṣe pé ó jẹ́ èèwọ̀. Bàbá Raodah, tó ti Ìwó wá ṣe lébìrà nígbà tí wọ́n ń kọ́ Festac, kàn máa ń sọ pé bí ẹnìkan bá ti ọ̀nà jíjìn wá bímọ sí ẹ̀yìnkùlé ẹni, a kì í fi ọmọ rẹ̀ jẹun.

Yàrá onípáànù yẹn ti lọ. Àwọn tó ń ta ilẹ̀ ti kó yanrìn dí àbàtà tó wà níbẹ̀, ilé sì ti hù lé e lórí. Àwọn tó kó wá sínú àwọn ilé náà ń hú ẹyin ahun, wọ́n ń dín in bí ẹyin adìyẹ. Bí ibì kan ṣe ń dí ni àwọn ahun ń sún lọ sí ibòmíràn létí omi, títí ó fi ku yanrìn tẹ́ẹ́rẹ́ kan lẹ́yìn kúlóòsì, ìyẹn òpópónà kékeré onígéètì, tó kẹ́yìn ní ẹ́fíníù kan ní Festac. Ibẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù Raodah wà, níta géètì, tó kẹ̀yìn sí omi. Ó ń ta mílíìkì, ṣúgà, ọṣẹ àti búrẹ́dì. Ọkọ rẹ̀ ti kú. Hidaayah, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ti lọ sílé ọkọ ní Ọ̀fà. Àwọn ará kúlóòsì ṣì ń pè é ní Ìyá Hidaayah.

Ajá ni ọ̀tá ẹyin ahun lẹ́yìn èèyàn. Ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tán tí ajá á ti hú u jáde. Nítorí náà, bí Raodah bá ti rí ibi tí ahun gbẹ́, á da kíréètì búrẹ́dì dé e, á gbé búlọ́ọ̀kù méjì lé e lórí. Ajá kò lè hú u, bí àwọn ọmọ ahun bá sì pa, wọ́n á gba ojú ihò kíréètì jáde lọ sínú omi. Ernest, tó ń fi mọ́tò kó búrẹ́dì wá ní òwúrọ̀, kì í yé ṣàròyé.

"Ìyá Hidaayah, kíréètì mi dà?"

"Ó wà lórí ẹyin."

"Ṣé kíréètì mi ti ń sàba ni?"

"Ó ń sàba. Bó bá pa, màá fún ẹ ní ọmọ kan nínú rẹ̀."

Nígbà òjò ọdún tó kọjá, àwọn olè gba ojú omi wọlé, wọ́n já ṣọ́ọ̀bù Raodah. Malik, ọlọ́dẹ kúlóòsì náà, ló dá jáde sí wọn. Wọ́n ṣá a lọ́wọ́ òsì. Ọgbẹ́ náà jinná, ṣùgbọ́n àwọn ìka ọwọ́ náà kò ká dáadáa mọ́. Nítorí mílíìkì àti sílíńdà gáàsì Raodah ni Malik ṣe di ọlọ́wọ́ kan.

Lẹ́yìn èyí ni Tẹjúmádé dé. Kúlóòsì yẹn ló dàgbà sí, ọwọ́ Raodah ló sì ti máa ń ra bisikíìtì nígbà tó wà lọ́mọdé. Ó ti ń bá ẹgbẹ́ kan tó ń dáàbò bo ẹranko inú omi ṣiṣẹ́ báyìí. Ó ní wọ́n fẹ́ ṣètò bí ahun odò á ṣe tún pọ̀ sí i létí omi Festac, àti pé lọ́tẹ̀ yìí, wọn kò ní jókòó sí ọ́fíìsì pinnu rẹ̀. Àwọn ará àdúgbò fúnra wọn ni yóò pinnu.

"Àǹtí, ẹ̀yin gan-an lẹ máa sọ̀rọ̀," ló wí. "Bí mo bá sọ ọ́, wọ́n á ní ìwé ni mo kà."

Ohun tí Raodah fẹ́ sọ kò pọ̀. Kí wọ́n fi yanrìn náà sílẹ̀ nínú òkùnkùn. Ahun kì í yé ẹyin níbi tí iná bá wà. Ó lọ híjáàbù rẹ̀, ó ń sọ ọ̀rọ̀ náà lábẹ́ ahọ́n títí ó fi dé gbọ̀ngàn ìpàdé.

Ọ̀gbẹ́ni Olúgbóyèga, alága kúlóòsì, ló darí ìpàdé. Ó ní kúlóòsì kọ̀ọ̀kan ni wọ́n máa fi ka ọwọ́ tí àwọn èèyàn bá nà sókè láti dìbò.

"Madam, kúlóòsì wo lẹ wà?"

"Mo wà níta géètì, sà."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Alága náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ní, "Ẹ jẹ́ kó wà lábẹ́ tiwa. Ta ni kò tíì rán ọmọ lọ ra búrẹ́dì lọ́wọ́ rẹ̀ rí?"

Ìyá kan tó ń jẹ́ Dorothy ló kọ́kọ́ dìde. "Èmi ò bá ahun jà o. Ṣùgbọ́n ṣé ahun ló máa ṣọ́ ilé mi? Iná la fẹ́ létí omi yẹn."

"Ata ló yẹ kẹ́ ẹ fún ahun," ẹnìkan ké láti ẹ̀yìn. "Ata àti àlùbọ́sà!"

Tẹjúmádé ṣàlàyé pé bí iná bá máa wà, kí wọ́n máa pa á ní àwọn oṣù tí ahun ń yé ẹyin.

"Àwọn olè ńkọ́?" Dorothy dáhùn. "Ṣé wọ́n á gba ìsinmi láwọn oṣù yẹn ni?"

Raodah dìde. Ó bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Ó sọ̀rọ̀ páànù, ó sọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ sọ̀rọ̀ òkùnkùn nígbà tí Malik sọ̀rọ̀ láti ẹnu ọ̀nà, níbi tí àwọn ọlọ́dẹ máa ń dúró sí.

"Ìyá Hidaayah, ẹ dákun. Mi ò mọ nǹkan kan nípa ahun. Lọ́jọ́ yẹn, mi ò rí ẹni tó gbé àdá. Ìró rẹ̀ nìkan ni mo gbọ́. Ẹ jẹ́ kí n máa ríran."

Raodah wo ọwọ́ òsì Malik. Malik fi àwọn ìka tí kò ká mọ́ yẹn há fìlà rẹ̀ mọ́ àyà. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà lábẹ́ ahọ́n Raodah gbẹ.

Tẹjúmádé ló wá bá wọn dá a sí méjì. Kí iná wà, ṣùgbọ́n kí wọ́n pa á ní àsìkò ìyé, kí wọ́n sì fi ọlọ́dẹ kún ọlọ́dẹ láwọn oṣù yẹn. Malik ní, "Èmi fúnra mi ni màá máa pa á. Gbogbo yín lẹlẹ́rìí." Nígbà tí wọ́n ní kí àwọn tó fara mọ́ ọn nawọ́, Raodah nawọ́ sókè. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Tẹjúmádé dì mọ́ ọn. Ìpàdé tó dára ni. Kò sí ẹni tó rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ níbẹ̀, bóyá ìdí nìyẹn tí kò fi sí ẹni tí èèyàn lè bínú sí.

Iná sólà ni wọ́n gbé wá, wọ́n sì ri òpó rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ọyẹ́ tó kásẹ̀ nílẹ̀. Malik wá ibi tí wọ́n ń gbà pa á. Ó yí òpó po, ó wo abẹ́ rẹ̀, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀.

"Kò ní ibi pípa, bàbá," ni ọ̀kan nínú àwọn tó rì í sọ fún un. "Bílẹ̀ bá ti ṣú, á tàn fúnra rẹ̀. Ohun tó dáa lára rẹ̀ nìyẹn."

Tẹjúmádé kọ̀wé sí àwọn tó gbé iná náà wá, ó tún pè wọ́n lórí fóònù. Wọ́n ní ó di ètò ọdún mìíràn. Ó dun Ọ̀gbẹ́ni Olúgbóyèga náà dénú, ó sì sọ pé láti yí iná padà, àfi kí wọ́n tún pe gbogbo kúlóòsì sí ìpàdé.

Raodah so àpò ìrẹsì òfìfo mọ́ orí ọparun gígùn kan. Ó fẹ́ fi dé iná tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Nígbà tó fi máa gbé e yọ, iná ti tàn, Malik sì wà lórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ òpó. Ó fi orúnkún méjèèjì há ọsàn kan, ó ń fi ọwọ́ tó dáa bó o. Ó ń súfèé. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣá a, Raodah kò tíì rí i kí ó jókòó kí ó kẹ̀yìn sí omi.

"Ìyá Hidaayah, ẹ wo bí ibí ṣe mọ́lẹ̀! Kí lẹ fẹ́ fi ọ̀pá ṣe?"

"Ìbẹ́pẹ ni mo fẹ́ ká."

"Ìbẹ́pẹ wo ló wà níbí?" Malik bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ ti ń darúgbó o, Ìyá."

Òun náà rẹ́rìn-ín. Ó gbé ọ̀pá náà padà sílé.

Ẹ̀ẹ̀rùn dé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó rí ipa ahun lórí yanrìn, ojú ìwọ́lẹ̀ àyà rẹ̀ láàárín, ojú ẹsẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Ipa náà ti inú omi gòkè wá tààrà. Ó dé ibi tí ìmọ́lẹ̀ máa ń dé bó bá tàn, ó dúró, ó sì ṣẹ́rí padà. Kò gbẹ́ ilẹ̀ rárá. Bí ahun kò bá ríbi yé ẹyin sí, inú omi ni yóò da ẹyin náà sí, ẹyin tó bá sì bọ́ sínú omi ti kú. Raodah mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ń jáde wò ó láràárọ̀ títí òjò fi dé, kò rí ipa mìíràn.

Tẹjúmádé wá béèrè. Nígbà tó gbọ́, ó jókòó sórí páálí mílíìkì.

"A tún máa pè yín sípàdé, Àǹtí."

"Ẹ pè mí. Màá wá."

Kò sọ pé òun á sọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Ernest já búrẹ́dì sórí tábìlì. "Ìyá Hidaayah, ṣé kíréètì ò sàba lọ́dún yìí ni?"

"Kò sàba."

Ernest fẹ́ dápàárá sí i, ó wo ojú rẹ̀, ó sì wọ mọ́tò rẹ̀ lọ.

Raodah lọ kó àwọn kíréètì náà wá láti ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, níbi tó ti kó wọn sílẹ̀ de ahun láti ìgbà ọyẹ́. Ó bu omi sí wọn, ó fi kànìnkànìn àti ọṣẹ fọ̀ wọ́n. Yanrìn tó há sí kọ̀rọ̀ kò jáde, ó ṣẹ́ ọwọ̀ kan láti fi tọ́ ọ. Ó dojú wọn délẹ̀ kí omi ro, ó fi àkísà nù wọ́n gbẹ. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í to búrẹ́dì sínú wọn níkọ̀ọ̀kan, títí ọ̀kan fi kún, títí èkejì fi kún. Ó ta ọ̀rá bò wọ́n, ó ti etí rẹ̀ bọ abẹ́.