Ìwé Tí Ẹnìkan Ṣoṣo Kà

Àlàyé iṣẹ́ tí mò ń ṣe ti sú mi. Mo máa ń gba ìwé lọ́wọ́ àwọn òǹkọ̀wé, mo máa ń tún ibi tó wọ́ ṣe, mo sì máa ń sọ ọ́ di èyí tí èèyàn lè kà lórí fóònù. Yàrá kan ni ọ́fíìsì mi, lókè ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ta táyà ní Okokomaiko. Àwọn aládùúgbò rò pé yàhúù ni mò ń ṣe. Mo jẹ́ kí wọ́n máa rò bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá mọ̀ pé ìwé ni mò ń tà, wọ́n á máa ṣàánú mi.

Ọ̀gá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, tó kọ́lé ńlá sí Ọ̀tọ̀-Àwórì, gbé ìtàn ìgbésí ayé ara rẹ̀ wá bá mi. Bó ṣe kọ ọ́, o máa rò pé oòrùn máa ń gbàṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó yọ. Mo tún un ṣe títí ojú fi ń ro mí. Nígbà tí mo parí, mo fi líǹkì ránṣẹ́ sí i, ó sì pè mí.

"Mo ti rí nǹkan tó o fi ránṣẹ́. Ìwé ọ̀hún dà?"

"Òun náà nìyẹn, sà. Inú fóònù ló wà."

"Mo mọ̀. Èyí tí alága máa gbé sókè lọ́jọ́ ìkójáde ńkọ́?"

Mo ní ìwé orí fóònù kò ṣeé gbé sókè. Bó bá fẹ́ èyí tó ṣeé dì mú, kó lọ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà. Ó ní rárá o, bébà ti di ohun àtijọ́, ayé ti lajú. Ọkùnrin tó lajú yìí ló rán awakọ̀ rẹ̀ lọ sí Ìyànà Ìbà lọ ra bébà aláwọ̀ góòlù. Wọ́n fi bébà náà we páálí bisikíìtì kan tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀, wọ́n sì lẹ àwòrán ọ̀gá mọ́ ọn.

Gbọ̀ngàn kan ní Ìbà ni wọ́n ti ṣe ìkójáde náà. Ẹ̀yìn pátápátá ni mo jókòó sí. Alága ọjọ́ náà gba páálí, ó gbàdúrà lé e lórí, ó já rìbọ́ọ̀nù tí wọ́n fi dì í, ó gbé e sókè. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni ọ̀mọ̀wé kan tí wọ́n ní kó wá yẹ ìwé náà wò dìde. Ó ní orí kejìlá ló mú òun sunkún. Orí méje péré ni ìwé náà ní. Èmi mọ̀, òǹkọ̀wé náà mọ̀, ṣùgbọ́n òun kàn ń mi orí ni, ó ń fi áńkáṣíìfù nu ojú. Ẹnì kankan ò bi mí léèrè líǹkì. Ọkùnrin kan ṣoṣo tó bá mi sọ̀rọ̀, ibi tí wọ́n ti ń pín oúnjẹ ló ń wá.

Bí ẹnikẹ́ni bá ṣí ìwé lórí ìkànnì mi, mo máa ń rí i. Ọ̀sẹ̀ yẹn parí, kò sẹ́ni tó ṣí i. Nígbà tó yá, ẹnìkan ṣí i. Ọjọ́ kejì, obìnrin kan pè mí.

"Ṣé ìwọ lo gbé ìwé àbúrò mi jáde?"

"Èmi ni, mà. Ẹ káàsán, mà."

"Irọ́ ló wà ńbẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n ọ̀gá ni, Ọ̀jọ́ ló ń gbé. Ọmọ ọmọ rẹ̀ ló bá a wá ìwé náà, tó sì sọ lẹ́tà rẹ̀ di ńlá fún un. Ní orí kẹta, ọ̀gá kọ ọ́ pé nígbà kékeré òun, òun nìkan ló pọn ìyá òun nínú òjò dé ọsibítù. Ojú ewé kan ṣoṣo tí mo fẹ́ràn nínú ìwé náà nìyẹn.

"Èmi ni mo pọ̀n ọ́n," ni obìnrin náà wí. "Ẹ̀yìn wa ni òun ń tọ̀ bọ̀, ó ń ké pé bàtà òun há sínú ẹrọ̀fọ̀. Kò tiẹ̀ dárúkọ mi nínú ìwé!"

Mo lọ bá ọ̀gá nílé. Ó ti gbé àwòrán ara rẹ̀ pẹ̀lú páálí kọ́ sára ògiri pálọ̀. Mo ròyìn ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ fún un. Ó rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n mi náà ń kàwé?"

"Ẹ jẹ́ kí n tún ibẹ̀ ṣe, sà. Orí fóònù ni, kò le."

"Má fọwọ́ kàn án. Ta ló fẹ́ kà á?"

Ó pẹ́ tí mo ti ń wá òótọ́ kan lẹ́nu ọkùnrin yìí. Mo rí i gbà lọ́jọ́ náà. Mo ní bí kò bá ní í tún un ṣe, màá yọ ọ́ kúrò.

"Yọ ọ́. Èmi ti ṣe ìkójáde tèmi."

Mo yọ ọ́. Alága ò béèrè. Ọ̀mọ̀wé tó sunkún ní orí kejìlá ò béèrè. Ọ̀gá ń pín àwòrán rẹ̀ kiri orí Wásáàpù, ó sì ti ń pe ara rẹ̀ ní òǹkọ̀wé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìkan ló pè.

"Ìwé yẹn dà? A wá a tì."

"Mo ti yọ ọ́, mà, nítorí irọ́ inú rẹ̀."

"Ta ló rán ọ? Mi ò tíì kà á tán! Ibi tó ti ní òun ò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni rí ni mo dé. Mo fẹ́ mọ ibi tó máa parí irọ́ ọ̀hún sí."

Mo fi odidi ìwé náà ránṣẹ́ sórí fóònù ọmọ ọmọ rẹ̀. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó tún pè. Ẹ̀rín ń pa á débi pé mi ò gbọ́ ohun tó ń sọ.