Ẹja Bàbá Onílé Wa

Bí mo bá ti gbọ́ ìró yìnyín nínú ife, bàbá onílé wa ní Kotto, nílùú Douala, ni mo máa ń rántí. Tísà báyọ́lọ́jì tó ti fẹ̀yìn tì ni. Àràárọ̀ ló ń da yìnyín sí táǹkì sìmẹ́ǹtì tó wà lẹ́yìnkùlé, torí adágún orí òkè, níbi tómi ti tutù nini, ló ti kó ẹja rẹ̀ wá. Á ní, “Àwọn ẹja yìí ò rí bákan náà. Ìyàtọ̀ yẹn ló máa gba ìran wọn là.”

Lọ́dún kẹfà, gbogbo ẹja náà di tínínrín. Inú Bàbá dùn. Ó ní ooru Douala ló pa àwọn tó sanra, àwọn tínínrín ló kù tó ń bímọ. Ló bá gbé ẹ̀wù kóòtù wọ̀, ó gbé ìwé tó kọ ọ̀rọ̀ náà sí, ó fẹ́ lọ sọ fún ìjọba ní Bonanjo.

Ìyàwó rẹ̀ dí ẹnu ọ̀nà. “Dádì, ẹ má lọ dójú tì wá. Ẹja tí ẹ ń jẹ tí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, níbo lẹ rò pé mo ti ń rà á? Èyí tó bá sanra jù nínú táǹkì yín ni mo máa ń mú.”

Bàbá jókòó. Ó ṣí ìwé, ó fagi lé “ooru”, ó kọ “ìyàwó mi” sípò rẹ̀. Ló bá bọ́ sí títì, ó ké sí takisí:

“Bonanjo.”