Alárinà Tó Ń Dijú Gbọ́rọ̀

Ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà ni mo jẹ Alárinà lọ́jọ́ tí Bàbá Bíríkìlà, ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, ní òun ò ṣe kíláàsì mọ́. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ni àdéhùn wa lórí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tó bá jẹ́ láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. Àbúrò ìyàwó mi ni Alárinà, ṣùgbọ́n àna kì í ṣe ẹni tí à ń lò lọ́fẹ̀ẹ́. Èmi ni mo kọ́kọ́ dárúkọ owó, kí ìyàwó mi tó dárúkọ èyí tó ju agbára mi lọ.

Ohun tí mo fi ń jẹun ni pé mo ń kọ́ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ bí wọ́n ṣe ń díye lé iṣẹ́ ilé: iye búlọ́ọ̀kù, iye sìmẹ́ńtì, owó lébìrà, àti èrè tí kò ní lé oníbàárà sá. Yàrá kan ni mo háyà fún ẹ̀kọ́ náà tẹ́lẹ̀. Nígbà tí owó yàrá fẹ́ ju owó tó ń wọlé lọ, mo kó kíláàsì náà lọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, mo sì rò pé mo ti jèrè. N kò mọ̀ pé ohun tí mo fi sílẹ̀ nínú yàrá yẹn ju àga lọ. Nínú yàrá, àgbà á wọlé, ọmọdé á kí i, yóò dáhùn, ó parí. Lórí fóònù, àwọn àgbà ń sọ ọ̀rọ̀ gígùn sínú ẹ̀rọ, wọ́n ń fi ránṣẹ́, àwọn ọ̀dọ́ ò sì ní sùúrù láti gbọ́ ọ tán. Àwọn ọ̀dọ́ ń kọ gbólóhùn kan péré padà, àwọn àgbà ní ìbínú ni. Kí oṣù kan tó pé, ẹni mẹ́rin ti gba owó wọn padà lọ́wọ́ mi. Owó tó ti wọ àpò kì í jáde láìfa àpò ya. Ìgbà náà ni mo ránṣẹ́ pe àbúrò ìyàwó mi.

Ilé iṣẹ́ tẹlifóònù ló ti lo ìgbà èwe rẹ̀, láyé ìgbà tí èèyàn gbọ́dọ̀ fọwọ́ so ìlà kan mọ́ èkejì kí àwọn tó jìnnà síra tó lè gbọ́ ara wọn. Iwájú pátákó oníhò ló ń jókòó sí, okùn lọ́wọ́, títí ẹ̀rọ tuntun fi dé tí wọ́n ní kó máa lọ sílé. Ó sọ fún wa pé títí dòní, bí òun bá sùn lọ́sàn-án, òun ṣì máa ń gbọ́ wọn: ọkùnrin kan ń bèèrè àlàáfíà ìyá rẹ̀, obìnrin kan ń rẹ́rìn-ín, ẹnì kan sì wà níbẹ̀ tó kàn ń mí, tí kò sọ nǹkan kan. Wọn kì í bà á lẹ́rù. Ó ní wọ́n kàn ń dúró de ìlà ni.

Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni yàrá rẹ̀ wà. Kọ́tìnnì aláwọ̀ ewé ló ta sí fèrèsé, bí oòrùn bá sì ti ń gba inú rẹ̀ wọlé, bẹ́ẹ̀dì, tábìlì, àti obìnrin náà fúnra rẹ̀ á dà bí ohun tó rì sísàlẹ̀ odò. Ibẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́ mi. Á fẹ̀yìn ti àga gígùn, á gbé fóònù lé àyà, á dijú. Bó bá ti gbọ́ ọ̀rọ̀ àgbà tán, á kọ ọ́ ní ìlà méjì fún ọmọdé. Bí ọmọdé bá kọ gbólóhùn kan padà, á fi ohùn èèyàn kà á fún àgbà. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo bá a bẹ́ẹ̀, mo sọ fún un pé mi ò mọ̀ pé oorun ni mo ń sanwó fún.

"Bọ̀dá, ẹ rọra," ni ó wí, kò lajú. "Omi ń kán sínú báàkẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn Bàbá Bíríkìlà. Òrùlé wọn ń jò, kò sì sẹ́ni tó máa bá wọn gùn ún."

Òótọ́ ni. Orúnkún bàbá náà ti kọ àkàbà. Ẹni tó ti ń to búlọ́ọ̀kù láti ìgbà ọ̀dọ́ ti wá di ẹni tí àtẹ̀gùn mẹ́ta ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Agbaṣẹ́ṣe kan ti ṣèlérí pé òun á máa gbé ìdíyelé fún un ṣe ní ìjókòó, bó bá lè mú ìwé ẹ̀rí kíláàsì mi wá. Oúnjẹ ọjọ́ alẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Kò ní òmíràn.

Iṣẹ́ àṣekágbá wa sì rèé, méjì-méjì ni wọ́n ń ṣe é, àgbà kan, ọ̀dọ́ kan, kí wọ́n jọ díye lé ilé oníyàrá mẹ́ta. Mo so bàbá pọ̀ mọ́ omidan kan tó ń kun ilé, Pẹ́ńtà ni gbogbo wa ń pè é. Ọjọ́ Ẹtì ni mo dá fún wọn. Nígbà tó di Ọjọ́rú, bàbá pè mí pé kí n dá owó kíláàsì òun padà, ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó ní òun kí ọmọ náà lọ́jọ́ Ajé, àwòrán àtàǹpàkò ló fi dá òun lóhùn. Òun dúró, ọmọ náà kò sọ nǹkan mìíràn. Bí òun bá sì wọ kíláàsì, tí òun dé fìlà, tí òun jókòó dáadáa, fèrèsé ọmọ náà lójú fóònù á dúdú bí ihò.

"Tíṣà," ó ní, "ilé tí mo ti kọ́ kò lóǹkà. Mi ò bá ilé tí kò séèyàn nínú rẹ̀ sọ̀rọ̀ rí."

Mo ní kí Alárinà tètè lọ bá ọmọ náà wí, kí n fi ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta kún gbèsè mi. Kò bá a wí. Ó ṣáà pè é, ó ń gbọ́ ọ. Ohun tó gbọ́ ni pé orí àkàbà ni Pẹ́ńtà wà nígbà tí ìkíni náà dé, ọ̀dà kún ọwọ́ rẹ̀, àtàǹpàkò nìkan ló mọ́. Ó ti ní in lọ́kàn pé bí òun bá sọ̀ kalẹ̀ òun á kí bàbá bó ṣe yẹ. Ilẹ̀ ti ṣú kó tó sọ̀ kalẹ̀. Ojú wá ń tì í láti dáhùn ìkíni àárọ̀ lálẹ́. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ìtìjú náà ti sanra sí i. Kò sì lè ṣí kámẹ́rà, nítorí pé kí àgbà máa sọ̀rọ̀ kí òun máa kun ògiri, ìwà àfojúdi nìyẹn lójú rẹ̀.

Alárinà pe bàbá náà. Bàbá ti ṣírò ìdajì ilé yẹn láti ọjọ́ Ajé, kò kàn fi ránṣẹ́ ni. Ó ní ẹni tí kò tíì jẹ́ ìkíni òun, báwo ni òun ṣe máa já iṣẹ́ lé e lórí? Ìyẹn ò ní dára. Àṣé ọ̀wọ̀ ni àwọn méjèèjì ń bù fún ara wọn tí wọ́n fi ń bínú.

Mo ní ọ̀rọ̀ ti yé wa, kí ó jẹ́ iṣẹ́ méjì, ẹgbẹ̀rún kan péré, kí gbogbo wa sinmi.

"Rárá, Bọ̀dá. Bí mo bá bá wọn jẹ́ ẹ, èmi ni wọ́n máa mọ̀. Wọn ò ní mọ ara wọn."

Ó ní kí a pe àwọn méjèèjì pọ̀ lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, ní àkókò tí Pẹ́ńtà bá wà lórí àkàbà gan-an. Èmi náà wọlé, torí dátà mi ni. Bàbá wà nínú fèrèsé tirẹ̀ pẹ̀lú fìlà, ó le bí àwòrán ara ògiri. Alárinà wà nínú omi aláwọ̀ ewé rẹ̀, ojú dídì. Ti Pẹ́ńtà dúdú.

"Bàbá, ọmọ yín wà lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀dà wà lọ́wọ́ rẹ̀," ni Alárinà wí. "Pẹ́ńtà, Bàbá ti kí ọ láti ọjọ́ Ajé, wọ́n ṣì ń dúró." Ó sì pa fèrèsé tirẹ̀ dé. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òfin pátákó wọn nìyẹn: bí ẹni méjì bá ti gbọ́ ara wọn, yọ etí rẹ kúrò.

Mo ń gbọ́ bí dátà mi ṣe ń lọ. Lẹ́yìn náà, dúdú yẹn là, funfun sì kún ojú fóònù, ògiri kan tó gbòòrò, tí òjìji ewé ń mì lórí rẹ̀. A ò rí ojú ẹnì kankan. Ẹ̀yìn funfun yẹn ni ohùn ti wá.

"Ẹ káàsán, sà. Ẹ má bínú, sà. Mi ò lè kúnlẹ̀, màá já bọ́."

Bàbá Bíríkìlà wo ògiri náà, èjìká rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ẹ̀rín ni.

"Má kúnlẹ̀ níbẹ̀ o, ọmọ mi. Àkàbà ò mọ ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́."

Ó ní kó yí fóònù sísàlẹ̀ kí òun rí ẹsẹ̀ ògiri. Pẹ́ńtà yí i. Ó sọ fún bàbá bí ògiri tuntun ṣe ń mu ọ̀dà ju ti àtijọ́ lọ, bàbá bèèrè pé ike ọ̀dà mélòó ni yàrá kan máa mu, bàbá náà sì sọ ohun tó ń fà á láti inú búlọ́ọ̀kù. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, ògiri náà ń kọjá lọ díẹ̀díẹ̀ lójú fóònù bí ìkùukùu, igun yàrá, fèrèsé tí kò tíì ní gíláàsì, funfun mìíràn. Èmi tí mo ń ka ìṣẹ́jú, mi ò kà á mọ́. Ó tó ìgbà kan tí mi ò mọ̀ bóyá ògiri ló ń lọ tàbí èmi. Mo rọra jáde, wọn ò mọ̀.

Iṣẹ́ wọn pẹ́ kó tó dé lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n sì ka yanrìn dín. Mo yọ máàkì lórí méjèèjì, síbẹ̀ wọ́n yege. Bàbá ti gba ìdíyelé àkọ́kọ́ lọ́wọ́ agbaṣẹ́ṣe náà, Pẹ́ńtà ló sì ń bá a ṣírò ọ̀dà inú rẹ̀. Látìgbà náà, iṣẹ́ kan ò gba ọwọ́ Alárinà kọjá láàárín wọn mọ́. Bí ojú bá ti mọjú, alárinà a yẹ̀bá. Mo sọ fún un pé iṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe yìí máa gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀. Ó ní òun ti rí irú rẹ̀ rí.

Mo gun òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà lọ san ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Mo wá bèèrè iye ti Ọjọ́bọ̀. Ó ní òun ò jẹ́ iṣẹ́ kankan lọ́jọ́ náà. Mo ní kò sóhun tí kò níye láyé yìí, iye ni mo sì fi ń jẹun.

"Ó dáa," ó ní, ó dijú. "Ẹ díye lé e."

Mo fi wákàtí ṣe é, kò tó nǹkan. Mo fi ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí mi ò dá padà ṣe é, ó ga jù. Mo fi agbaṣẹ́ṣe kún un, ọ̀rọ̀ náà dàrú. Nígbà tí mo gbójú sókè láti bi í, mímí rẹ̀ ti wálẹ̀, mi ò sì mọ̀ bóyá ó sùn tàbí ó ń gbọ́ ẹnì kan. Mo fa ilẹ̀kùn dé. Ti Ọjọ́bọ̀ ṣì wà lọ́rùn mi.